Iṣẹ́ Abẹ Àtúnṣe Ẹsẹ̀

Iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ẹsẹ̀ ni ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń gbà fi awọ àti ẹran ara bo ọgbẹ́ ńlá tí ìjàǹbá ọkọ̀, ìbọn tàbí ẹ̀rọ dá sí ẹsẹ̀. Iwájú ojúgun ló máa ń ṣòro jù, nítorí awọ nìkan ló bo eegun níbẹ̀. Bí awọ náà bá ya, eegun á gbẹ, kòkòrò àrùn á sì wọ̀ ọ́.

Wọ́n á kọ́kọ́ fọ iyanrìn kúrò, wọ́n á gé ẹran tó ti kú títí wọn yóò fi kan èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì fi irin de eegun tó ṣẹ́. Bí ẹran tó yè bá wà nísàlẹ̀ ọgbẹ́, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a bó lára itan tó láti bò ó. Àmọ́ irú awọ bẹ́ẹ̀ kì í mú lórí eegun tó wà níhòòhò. Fún ọgbẹ́ ẹ̀bá orúnkún, ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó sún mọ́ awọ ni wọ́n ń yí wá síwájú. Fún àárín ojúgun, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Nítòsí ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sábà máa ń gé ẹran láti ẹ̀yìn tàbí itan, wọ́n á sì fi maikirosíkóòpù rán òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti ẹsẹ̀.

Àkọsílẹ̀ Marko Godina, oníṣẹ́ abẹ ní Ljubljana, tó jáde ní 1986, fi hàn pé bíbo ọgbẹ́ láàárín wákàtí 72 ń dín àkóràn kù.