Àwọn Ọmọbìnrin Èkó Nínú Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá: Ta Ni Ó Gbìn, Ta Ni Ó Ń Kórè?

Bí a bá dárúkọ Ajégúnlẹ̀, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá wà lára ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọkàn àwọn ará Èkó. Gbólóhùn odidi ni orúkọ àdúgbò náà: ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí. Ajé yìí kò ṣẹ̀yìn èbúté Apápá tí ó wà nítòsí, nítorí iṣẹ́ èbúté wà lára ohun tí ó kó Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ́, Urhobo àti Ìgbò jọ síbẹ̀. Nínú eruku àdúgbò yìí ni Samson Siasia, Taribo West àti Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ọmọbìnrin tí òun náà mọ bọ́ọ̀lù í gbá ńkọ́? Ẹgbẹ́ wo ni ó ní láti lọ? Ìtàn tí ó wà nídìí ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti fi ojú àjèjì wo obìnrin tí ó gbá bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1921, àjọ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí obìnrin má ṣe gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lórí pápá àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Àwọn ará Netherlands àti Jámánì pẹ̀lú ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1955.

Ní Nàìjíríà, àwọn aládàáni tí wọ́n fẹ́ràn eré náà ni wọ́n fi owó ara wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọmọ-ọba Bọ́lá Jẹ́gẹ́dẹ́, tí ó ni ẹgbẹ́ Jegede Babes. Ní Warri, Ufuoma Babes ni ó gbòde kan ní àwọn ọdún 1990. Àlàáfíà ni ìtumọ̀ Ufuoma ní èdè Urhobo. Mercy Akide gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ méjèèjì yìí àti fún Pelican Stars ti Calabar, kí ó tó di obìnrin àkọ́kọ́ tí àjọ CAF fún ní oyè agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà, ní ọdún 2001.

Ẹ kíyè sí orúkọ wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń jẹ́ Shooting Stars, tí wọ́n ń jẹ́ Stationery Stores, Babes ni a ń pe àwọn obìnrin, bí ẹni pé ọmọge tí ó wá ṣeré ìdárayá lásán ni wọ́n. Orúkọ máa ń sọ èrò àwọn tí ó sọ ọ́. Nígbà tí ó yá, Queens, Angels àti Amazons bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ọmọge ti di ayaba.

Ní ọdún 1991, Nàìjíríà lọ sí ìdíje ife àgbáyé àkọ́kọ́ fún obìnrin ní ilẹ̀ Ṣáínà, pẹ̀lú Jo Bonfrere, ará Netherlands, gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wọ́n fìdí rẹmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò sì jẹ góòlù kankan. Ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn náà, wọ́n dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ẹgbẹ́ obìnrin dìde: Rivers Angels, Bayelsa Queens, Delta Queens, Edo Queens, àti Sunshine Queens ti Àkúrẹ́. Wọ́n ní owó oṣù, wọ́n sì ní pápá. Ní Èkó tí ọrọ̀ pọ̀ sí jù lọ, orí aládàáni ni ẹrù náà wà jù. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó rù ú ni Emmanuel Osahon Orobosa, olùdásílẹ̀ FC Robo, tí a wá mọ̀ sí Robo Queens.

Láti inú Robo ni Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti jáde. Àwọn òbí rẹ̀ kò kọ́kọ́ fara mọ́ eré yìí. Ìwé ni wọ́n fẹ́ kí ó kà. Ní ọdún 2013, ó lọ sí Rivers Angels. Ní ọdún 2014, góòlù méje tí ó jẹ ní ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún ní Kánádà sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Liverpool, Arsenal àti Barcelona tẹ̀lé e, ó sì ti gba oyè agbábọ́ọ̀lù obìnrin Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Rasheedat Àjíbádé, ọmọ Mushin, wọ Robo ní ọdún 2013. Ó lọ sí Norway ní ọdún 2019, lẹ́yìn náà Atlético Madrid, lẹ́yìn náà Paris Saint-Germain.

Kí ni Robo rí gbà? Títí tí ìdíje ọdún 2025 fi parí, kò tíì gba ife líìgì Nàìjíríà rí, bẹ́ẹ̀ ni Rivers Angels gba ife náà léraléra. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin Ajégúnlẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún bá lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù, òfin FIFA ní kí ẹgbẹ́ náà san owó ìtọ́ni fún àwọn tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí Àjíbádé lọ sí Norway ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, òfin kan náà sọ kedere pé owó yìí kò kan bọ́ọ̀lù obìnrin. Iṣẹ́ kan náà ni, òógùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọ́ ọmọbìnrin kò ní ẹ̀tọ́ sí owó yìí.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, Àjíbádé ni balógun Super Falcons nígbà tí wọ́n fi góòlù mẹ́ta sí méjì borí Morocco ní Rabat, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ wọ́n ní méjì sí òdo. Ife Áfíríkà kẹwàá nìyẹn. Ààrẹ fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní iye náírà tí ó tó ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là, ilé àti oyè OON. Ó dára, ó sì tọ́ sí wọn, pàápàá nígbà tí a bá rántí pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó wọ́de ní Àbújá nítorí owó tí a jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀ka ni a ń bu omi sí. Gbòǹgbò wà nílẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Aládàáni ni ojú tí ń rí ẹ̀bùn lára ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ní ìgboro. Ìjọba ni ó ní pápá àti owó. Bí àwọn méjèèjì bá pa ọwọ́ pọ̀ ní Èkó, ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà sí ilé kí ó tó rí ẹgbẹ́ tí yóò san owó oṣù fún un, àwọn tí ó sì tọ́ ọ yóò jẹ nínú èrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn.