Ohun tí Àtẹ Kò Kà: Ìtàn Ìdàpọ̀ Àtẹ Ọrọ̀-Ajé àti Ìṣirò Èérí Àyíká

Ìfáárà

Ní ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ Coca-Cola ní kí àwọn olùwádìí Midwest Research Institute ní Amẹ́ríkà fi oríṣiríṣi ohun tí a lè rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí wé ara wọn. Kì í ṣe iye owó wọn nìkan ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ iye agbára àti ohun-èlò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, àti iye èérí tó ń fi sílẹ̀, láti ìgbà tí a ti wa ohun-èlò rẹ̀ nínú ilẹ̀ títí di ìgbà tí a dà á nù. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni ó di ìgbéléwọ̀n ìgbésí-ayé ọjà lónìí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè kan ti dojú kọ ọ̀nà ìwádìí yìí: ibo ni kí olùwádìí dúró sí? Iyanrìn ni a fi ń ṣe ìgò, iná ni a fi ń yọ́ iyanrìn, ẹ̀rọ onírin ni ó ń pèsè iná, èédú ni a sì fi ń yọ́ irin. Olùwádìí gbọ́dọ̀ gé okùn náà níbì kan, ohun tó bá sì kù lẹ́yìn ibi tó gé e kò ní sí nínú ìṣirò rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí tọpa bí àtẹ tí onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan ṣe fún ìdí mìíràn ṣe di ojútùú sí ìṣòro náà, àti ìṣòro tuntun tí ojútùú ọ̀hún gbé wá.

Àtẹ Leontief

Wassily Leontief, tí a bí ní 1905, dàgbà ní Rọ́ṣíà, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Berlin, ó dé Amẹ́ríkà ní 1931, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard. Ní 1936 ni ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lórí àtẹ tí a lè pè ní àtẹ àmúlò-òun-àmújáde ti ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà. Nínú àtẹ náà, ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan ní ìbú àti ìlà kan ní òòró. Ìlà ìbú ń sọ àwọn tí ẹ̀ka náà tà fún. Ìlà òòró ń sọ àwọn tí ó rà lọ́wọ́ wọn.

Àpẹẹrẹ kékeré kan tó láti fi agbára rẹ̀ hàn. Bí ó bá jẹ́ pé iná mọ̀nàmọ́ná sẹ́ǹtì 20 ni a ń lò kí irin dọ́là kan tó jáde, tí irin sẹ́ǹtì 10 sì ń bá iná dọ́là kan lọ, ẹni tó ra irin dọ́là 100 ti béèrè iná dọ́là 20 láìmọ̀. Iná dọ́là 20 náà béèrè irin dọ́là 2 sí i, irin dọ́là 2 tún béèrè iná sẹ́ǹtì 40. Ìbéèrè ń bí ìbéèrè, ṣùgbọ́n ó ń kéré sí i. Ìṣirò Leontief ń kó gbogbo rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: irin tí yóò jáde jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 102 àti sẹ́ǹtì 4, iná sì jẹ́ dọ́là 20 àti sẹ́ǹtì 41. Kò sí okùn tí a gé.

Nígbà tí ẹ̀ka bá pọ̀, ìṣirò náà kọjá agbára ọwọ́. Ní 1949, dátà tí ìjọba kó jọ pín ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà sí nǹkan bí ẹ̀ka 500, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Harvard kò gbé ju ìdọ́gba 42 lọ. Ìdàgbàsókè kọ̀ǹpútà ni ó wá ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀.

Ní 1970, Leontief fúnra rẹ̀ fi èérí kún àtẹ rẹ̀. Ó ní bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń mú ọjà jáde ni ó ń mú èéfín jáde, nítorí náà kí èéfín náà ní ìlà tirẹ̀. Ní 1973 ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Ní ọdún yẹn kan náà ni owó epo rọ̀bì fò sókè, tí gbogbo ayé sì fẹ́ mọ iye agbára tó fara pamọ́ sínú ọjà kọ̀ọ̀kan. Clark Bullard àti Robert Herendeen ní Yunifásítì Illinois lo àtẹ náà láti dáhùn ìbéèrè yìí nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1975.

Láti Bhopal dé Carnegie Mellon

Dátà èérí tó gbòòrò ni ó kù, àjálù ni ó sì bí i. Ní oṣù Kejìlá 1984, gáàsì olóró tú jáde ní ilé-iṣẹ́ kan ní Bhopal, ní Íńdíà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní 1986, òfin jáde ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa kéde iye kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń tú sí afẹ́fẹ́, omi àti ilẹ̀ lọ́dọọdún.

Ní Yunifásítì Carnegie Mellon, Lester Lave tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀-ajé, Chris Hendrickson tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, Francis McMichael àti Elisa Cobas-Flores so dátà yìí mọ́ àtẹ Leontief nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995. Wọ́n wá iye èérí tó ń bá dọ́là kọ̀ọ̀kan lọ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi í sọ iye dọ́là tí àtẹ bá fi hàn di púpọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ohun-èlò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àtẹ ọdún 1992 tó ní ẹ̀ka 485.

Ní 1995 kan náà, Lave, Hendrickson àti McMichael dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Science. Ìpínlẹ̀ California ti pàṣẹ ní 1990 pé láti 1998, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í tú èéfín rárá. Ọkọ̀ oníná ni èyí túmọ̀ sí, bátìrì olójé ni ó sì wọ́pọ̀ nígbà náà. Àwọn mẹ́ta náà ṣírò òjé tó ń ṣòfò níbi ìwakùsà, níbi ìyọ́ òjé àti níbi tí a ti ń ṣe bátìrì. Wọ́n ní òjé tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tú sí àyíká fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan lè tó ìlọ́po 60 ti ọkọ̀ tó ń lo epo olójé. Àwọn mìíràn ta ko iye tí wọ́n gbé ìṣirò náà lé, wọ́n ní ó ga jù. Síbẹ̀ kókó ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é gbójú fò: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èéfín tó kúrò ní ìgboro lè ti di májèlé lẹ́bàá ilé àwọn tí kò ní ọkọ̀ rárá.

Ohun tí a kò kà

Ibí yìí gan-an ni àléébù àtẹ ti hàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà nìkan ni ìkéde olódọọdún náà kọ́kọ́ dè. Àwọn ibi ìwakùsà irin àti ilé-iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná kò sí nínú rẹ̀ títí di ìkéde ọdún 1998. Ní ọdún tí a mú wọn wọlé, ẹ̀ka ìwakùsà irin ni ó bọ́ sí ipò kìíní nínú gbogbo ẹ̀ka tó ń kéde. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ní ọdún náà. Wọn kò kà á tẹ́lẹ̀ ni. Àtẹ tí kò gé okùn kankan lè gbé òdo jókòó síbi tí èérí pọ̀ sí jù lọ.

Àléébù kejì ni pé ìpíndọ́gba ni àtẹ ń lò: ọjà olóró àti èyí tí kò ní oró lè wà nínú ẹ̀ka kan. Ọ̀nà àtijọ́ mọ ọjà kọ̀ọ̀kan dájú, ṣùgbọ́n Manfred Lenzen fi hàn ní 2000 pé ohun tó ń bọ́ nítorí okùn gígé lè tó ìdajì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìdí nìyí tí Bullard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi dábàá láti 1978 pé kí a pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀: kí a wọn àwọn ìpele tó ṣe kókó ní tààrà, kí àtẹ sì gbé ìyókù.

Àléébù kẹta kan ilẹ̀ Yorùbá. Àtẹ orílẹ̀-èdè kan ń ka ọjà tó ti òkè òkun wá bí ẹni pé ilé ni wọ́n ti ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń yọ́ bátìrì àlòkù láti gba òjé inú rẹ̀, tí òjé náà sì ń lọ sí òkè òkun. Bí ẹni tó rà á bá lo àtẹ ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan, èéfín tí ọmọdé fà símú ní Ògùn yóò wọ ìwé bí èéfín ilé-iṣẹ́ tó ní asẹ́. Àwọn àtẹ tó so ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pọ̀, bí Eora àti EXIOBASE, wá láti tún èyí ṣe, ṣùgbọ́n àwọn náà kò lè ju dátà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kó jọ lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Leontief fi hàn pé kò sí ọjà tó dá dúró. Àwọn ará Carnegie Mellon fi hàn pé kò sí èérí tó dá dúró. Ìtàn ìwakùsà 1998 fi ẹ̀kẹta hàn: ìṣirò tó pé kò lè rọ́pò ẹni tó yẹ kó lọ síbi iṣẹ́ náà láti wọ̀n ohun tó ń jáde níbẹ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì wọ̀n, òdo ni àtẹ yóò máa kọ fún un.