Òkè Ìdáàṣà àti Àwọn Tó Fi Ọkọ̀ Ṣe Ilé

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí àwọn òkè tí ìtàn ìbílẹ̀ kà sí 41 ni àwọn ará Ìdáàṣà, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ òde òní, máa ń sá sí nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ bá ń kó ẹrú. Lónìí, oríta ló wà ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà Kútọnu ti pín sí ti Parakú àti ti Nàtìtíńgù. Láti 1954 ni ihò àpáta Arigbo, ojúbọ Màríà tí àwọn Kátólíìkì yà sí mímọ́, ti ń fa èrò wá ní oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ sun inú ọkọ̀ níbẹ̀ a fi òkúta dí ẹ̀yìn táyà, a rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì, kò sì ní gbé ọkọ̀ ti ara àpáta, torí ooru ọ̀sán kì í tètè kúrò lára rẹ̀ lóru.