Ìlẹ̀mọ́ra

Ìlẹ̀mọ́ra ni kí afẹ́fẹ́ tàbí ohun olómi rọ̀ mọ́ ojú nǹkan líle láìwọ inú rẹ̀. Ì-, lẹ̀, mọ́ àti ara ló para pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ń fi ìfàmu dípò rẹ̀, èyí kò sì tọ́: ìfàmu ni ti ohun tó gba omi wọ inú ara rẹ̀, bí ẹ̀wà tí a rẹ.

Àṣìlò yìí lè ṣini lọ́nà nínú ìwádìí lórí èédú abẹ́ ilẹ̀. Ara ògiri àwọn ihò tíntìntín inú èédú ni èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì mẹ́téènì rẹ̀ lẹ̀ mọ́. Kábọ́nì-dáyọ́ksáídì sì máa ń lẹ̀ mọ́ èédú ju mẹ́téènì lọ. Bí a bá fún un wọ inú èédú, á gba àyè mẹ́téènì, á sì tì í jáde. A lè sọ pé: “Ìlẹ̀mọ́ra kábọ́nì-dáyọ́ksáídì lára èédú pọ̀ ju ti mẹ́téènì lọ.”

Wọ́n dán fífún kábọ́nì-dáyọ́ksáídì wọ inú èédú wò ní San Juan Basin ní New Mexico, Amẹ́ríkà, láàárín 1995 sí 2001. Èédú náà wú, àwọn ojú ọ̀nà inú rẹ̀ fún pọ̀, kábọ́nì-dáyọ́ksáídì kò sì rọrùn fún wọlé mọ́ bíi ti ìbẹ̀rẹ̀.