Ọdún Wo Ni Wọ́n Kọ́ Ilé Yín? Ìtàn Drywall fún Àwọn Ọmọ Ìlú Wa Tó Wà ní Amẹ́ríkà

Lóṣù yìí, ẹni méjì béèrè lórí gúrúùpù pé ta ló mọ agbaṣẹ́ṣe tó lè bá àwọn tún drywall ṣe ní Amẹ́ríkà. Iye owó ni gbogbo wa ń sọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé: drywall ni bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe ògiri inú ilé lọ́hùn-ún, gypsum tí wọ́n fi pépà bò lójú àti lẹ́yìn. Gypsum yìí náà ló wà nínú POP tá à ń ṣe sí sílìn.

Láyé àtijọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà náà máa ń rẹ́ ògiri ni. Wọ́n á kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi àpòpọ̀ tútù rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀mẹta, wọ́n á wá dúró kó gbẹ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́dún 1894, Augustine Sackett gba ìwé àṣẹ lórí bọ́ọ̀dù tó ṣe. Lọ́dún 1909, United States Gypsum ra ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ò kọ́kọ́ kà á sí. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí oníṣẹ́ ọwọ́ wọ́n, tí wọ́n sì ń wá ilé kíákíá, ló tó gbòde. (Àwọn baba wa tó ń mọ ògiri amọ̀ ní ìpele ìpele, tí wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, ì bá fi ìkánjú yìí rẹ́rìn-ín.)

Ibi tó ti kan ẹ̀mí rèé. Ohun funfun bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń dí ojú ìsopọ̀ bọ́ọ̀dù, asbestos wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 1977 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de é. Eruku rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ, ó sì lè ju 20 ọdún lọ kó tó farahàn. Tí ilé yín bá ti wà ṣáájú 1980, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi sánpépà ha ògiri kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tí wọ́n kọ́ láàárín 2004 sí 2007 náà ní tiẹ̀. Ilé kíkọ́ pọ̀, ìjì Katrina tún jà ní 2005, bọ́ọ̀dù ò tó, wọ́n bá ń kó o wọlé láti Ṣáínà. Imí ọjọ́ ń jáde lára àwọn kan: òórùn ẹyin ọ̀bu, bàbà inú wáyà dúdú, AC ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Florida àti Louisiana ló pọ̀ sí jù. Ìyẹn ò gba àtúnṣe o, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́.

Àbúrò mi kan ní Texas san owó pé fún agbaṣẹ́ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà dí ihò, ó fi sánpépà ha gbogbo rẹ̀ nínú yàrá àwọn ọmọ, ó kùn ún. Láàárín oṣù méjì, ojú omi ti padà, torí páìpù òkè ló ń jò. Púlọ́ḿbà ló yẹ kó kọ́kọ́ pè. Agbaṣẹ́ṣe ò gbé fóònù mọ́. Ẹni tuntun tó wá pè, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi í ni ọdún tí wọ́n kọ́ ilé. 1971 ni. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé díẹ̀ lára ògiri lọ fún àyẹ̀wò. Èsì yẹn là ń retí báyìí.