Lẹ́yìn Àgbàdo Àkọ́rọ̀: Àríyànjiyàn Lórí Irúgbìn Kejì ní Ìbàdàn Lábẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì

Ní agbègbè Ìbàdàn, nǹkan bí oṣù keje ni àgbẹ̀ máa ń ya àgbàdo àkọ́rọ̀ tán. Òjò a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, òjò àrọ̀kúrò a sì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kì í sábà kọjá ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Irúgbìn wo ló yẹ kó wọ inú oṣù díẹ̀ yìí? Ìbéèrè yìí ni àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dáhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìdáhùn àgbẹ̀ kò ṣàdéédé wá. Bí àgbàdo kejì bá pẹ́ kó tó wọlẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ á ká a mọ́ kó tó gbó. Ẹ̀wà ní tirẹ̀ kò fẹ́ kánjú, nítorí òjò líle a máa ba èso rẹ̀ jẹ́; ìgbà tí òjò bá ń lọ sópin ló yẹ kó máa gbó. Ilá, ata àti ẹ̀fọ́ wà fún ọbẹ̀ àti fún ọjà. Ẹ̀gẹ́ nìkan ni kò bìkítà fún kàlẹ́ńdà: a lè kì í bọ àárín àgbàdo kí wọ́n tó ya á, kó wà nílẹ̀ ju ọdún kan lọ, kí igbó sì máa hù bò ó díẹ̀díẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìsinmi nígbà tí oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀.

Òwú ni ìdáhùn àkọ́kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá. Ní 1902 ni wọ́n dá British Cotton Growing Association sílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ wọn má baà gbójú lé òwú Amẹ́ríkà nìkan. Òwú kì í ṣe àjèjì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí obìnrin Yorùbá ti ń ran án. Ṣùgbọ́n owó kòkó dára jù ú lọ, oúnjẹ sì ń tà ní ìlú ńlá.

Ìdáhùn kejì jinlẹ̀ ju ti òwú lọ. Ní Moor Plantation, ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí O. T. Faulkner jẹ́ olórí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀, wọ́n ń gbin mucuna tẹ̀ lé àgbàdo, wọ́n á sì ro ó mọ́lẹ̀ kó jẹrà di ajílẹ̀. Ẹbí wèrèpè ni, ṣùgbọ́n irú èyí kì í yún ni lára. Ó ṣiṣẹ́ nínú oko ìwádìí. Àgbẹ̀ kò gbà á. Àwọn kan ka èyí sí orí kunkun. Ìdájọ́ náà kò tọ̀nà. Ilẹ̀ ṣì pọ̀ nígbà náà, igbó sì ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mucuna fẹ́ gba odindi àkókò òjò kan láìmú oúnjẹ tàbí owó wá, ọkọ́ ni wọn yóò sì fi ro ewé rẹ̀ tó lọ́ mọ́ra wọlẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ní gúúsù Benin, ní agbègbè Mono tí ilẹ̀ ti há, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn gbin mucuna. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni ẹ̀kan, koríko tí ọkọ́ kò ràn, wọ́n sì rí i pé mucuna a máa bò ó mọ́lẹ̀ pa.