Gọ́tà iwájú ilé yín: ta ló yẹ kó kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ní Festac àti Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin?

Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan gbáko ní Festac, Agboju tàbí Mile 2, gbogbo wa la mọ ohun tó kàn. Omi á gba ojú títì, kẹ̀kẹ́ Márúwá á máa wá ọ̀nà míì gbà, oníṣọ́ọ̀bù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àpò iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Ayálégbé á ní iṣẹ́ lánlọ́ọ̀dù ni. Lánlọ́ọ̀dù á ní iṣẹ́ kánsù ni. Àwọn kan á ní ṣebí àwọn ń san owó PSP. Kí wọ́n tó parí ẹjọ́ náà, omi ti wọ yàrá.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe pín, àti ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ náà pín sí

Àkọ́kọ́ ni kanáàlì àti àwọn gọ́tà ńlá tó ń kó omi àdúgbò púpọ̀ lọ sínú kanáàlì. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó nìyẹn, lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká àti omi. Àwọn ló ń gbé ẹ̀rọ ńlá wá láti kó ẹrẹ̀ inú kanáàlì. Àwọn òṣìṣẹ́ EFAG tí ẹ máa ń rí pẹ̀lú ṣọ́bìrì létí gọ́tà, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń wá.

Ìkejì ni àwọn gọ́tà kéékèèké inú àdúgbò. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ìyẹn. Ẹni tó bá wà ní Festac tàbí Mile 2, ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin ni tiyín. Ẹni tó bá wà ní Satellite Town tàbí Ijegun-Egba, LCDA Oriade ni tiyín.

Ìkẹta ni gọ́tà tó wà níwájú ilé yín gan-an. Ẹ̀yin lẹ ni ín, onílé àti ayálégbé pọ̀. Òfin àyíká tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2017 ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ìmọ́tótó àyíká ilé rẹ̀. Owó PSP tí ẹ ń san, pàǹtí inú ilé ló wà fún, kì í ṣe ẹrẹ̀ gọ́tà.

Ẹni tó bá ní ẹbí ní Chicago, l'Amẹ́ríkà, lè bi wọ́n léèrè. Yìnyín ni tiwọn. Ọkọ̀ ìlú ló ń kó yìnyín kúrò lójú títì, àmọ́ onílé ló ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níwájú ilé rẹ̀. Èyí tó bá bọ́ láàárín aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́, òfin ní kó ti kúrò kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Ìjọba ń ṣe tirẹ̀, onílé ń ṣe tirẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí níbí náà nìyẹn.

Ṣé kì í ṣe pé sanitéṣọ̀n ti parí ni?

Ọ̀pọ̀ wa rántí sanitéṣọ̀n Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀. Láti ìgbà WAI lọ́dún 1984 ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni ìjọba Èkó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àmọ́ ohun tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ni kí wọ́n máa sé èèyàn mọ́lé. Wọn ò sọ pé kí a fi gọ́tà sílẹ̀. Yálà ìjọba dá ọjọ́ kan tàbí kò dá ọjọ́, ojúṣe náà ò kúrò.

Kí ló dé tí omi kì í tètè lọ?

Nítorí àjọ̀dún FESTAC tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ ilé tó lé ní 5,000 síbí. Ilẹ̀ agbègbè wa rẹlẹ̀, ó sì sún mọ́ ọ̀sà. Bí omi ọ̀sà bá kún, omi kanáàlì ò ní rí ibi wọ̀ sí. Á dúró títí ọ̀sà á fi fà. Ní gbogbo àkókò yẹn, inú gọ́tà nìkan ni omi òjò lè dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gọ́tà tó fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà, tó jìn ní 60, tó sì gùn ní mítà 10 níwájú ilé kan, á gba 3,000 lítà omi. Bí ẹrẹ̀ bá gba ìdajì rẹ̀, 1,500 lítà ti sọnù. Ìyẹn ju dúrọ́ọ̀mù méje lọ. Bí ogún ilé bá ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò kan, 150 dúrọ́ọ̀mù omi ni kò níbi tó máa lọ. Ojú títì àti yàrá yín ló máa wá.

Nítorí náà, ẹ má wò ó pé omi ṣì ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ nínú gọ́tà kẹ́ ẹ ní kò sí wàhálà. Ẹ ti igi bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wo ibi tí ẹrẹ̀ dé.

Ìgbà wo ló yẹ ká kó o, báwo la ṣe ń kó o?

Ẹ kó o kí òjò oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀, torí oṣù kẹfà ni òjò máa ń le jù. Bí òjò bá sinmi lóṣù kẹjọ, ẹ tún un kó kí ti oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tó dé.

Ẹ kọ́kọ́ bá CDA àdúgbò yín sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá kánsù ṣètò ọkọ̀ tó máa kó ẹrẹ̀ náà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìtíì ṣe èyí.

Ẹ wọ bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́. Ìgò fífọ́ àti abẹ́rẹ́ wà nínú ẹrẹ̀.

Ẹ ṣí sìlábù, kẹ́ ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí inú gọ́tà díẹ̀. Àgbàlagbà méjì tàbí mẹ́ta ni kó gbé e, kì í ṣe ọmọdé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí omi ń ṣàn lọ, kẹ́ ẹ máa kó o bọ̀ lókè. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, inú omi tó dúró sójú kan lẹ ó ti máa ṣiṣẹ́.

Ẹ ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ ro omi dànù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dì í sínú àpò.

Ẹ dá sìlábù padà lọ́jọ́ náà. Bí omi bá bo títì, kò sẹ́ni tó máa rí ihò gọ́tà tó ṣí sílẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́ jù ni ẹrẹ̀ tí wọ́n kó sétí gọ́tà tí wọ́n sì fi sílẹ̀. Òjò kan péré ló máa gbá a padà sínú. Owó àti wàhálà gbogbo yín ti ṣòfò nìyẹn.

Ohun tí kò yẹ ká ṣe

Ẹ má ti ẹrẹ̀ sí iwájú ilé aládùúgbò. Ẹ má dúró de òjò kẹ́ ẹ tó da pàǹtí sínú àgbàrá, torí ìsàlẹ̀ àdúgbò ló máa dí. Ike fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ, ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024.

Ẹ ṣọ́ra ní Festac pàápàá. Páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, ìyẹn yàtọ̀ sí gọ́tà. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń tú jáde, ẹ má wọ inú kòtò rẹ̀. Gáàsì ibẹ̀ ń pa èèyàn. Onígbáméjì tún wà nílùú Èkó lọ́dún 2024, nítorí náà ẹ se omi kànga kẹ́ ẹ tó mu ún bí omi gọ́tà bá ti kún dé ibẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára yín lọ

Bí ẹnì kan bá kọ́lé lé gọ́tà lórí, tàbí kanáàlì dí, ẹ kọ ìwé sí kánsù tàbí iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀. Ní Festac, ẹ fún FHA ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà títì àti ọjọ́ sí i, ẹ fi fọ́tò sí i, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan.

Bí omi bá ti ń wọlé, ẹ pa iná láti ibi mítà bí ẹsẹ̀ yín bá ṣì gbẹ. Ẹ má rìn nínú omi tó ń ṣàn. Èyí tó jìn ní 15 sẹ̀ǹtímítà lè gbé àgbàlagbà ṣubú, 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré. Ẹ pe 767 tàbí 112.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé í wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Sátidé tó ń bọ̀, kí òjò tó ṣú, ẹ ti igi bọ gọ́tà yín.